Èèkù Ìbọn Lórí Ìdérí Ìkòkò

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, ìdérí ìkòkò ló ṣáájú, àwọn tó ń jà lé e lórí tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Èmi akọ̀wé ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn. Mo ti ń gbọ́ ohùn wọn láti ìsàlẹ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ àjà kẹrin la wà, ascensore tó ń gbéni ròkè nílé náà kò sì ṣiṣẹ́ láti ọdún tó kọjá. Ẹni tó bá lè gun àjà mẹ́rin láì dákẹ́ ẹnu, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún dénú egungun.

Ààfin tí mò ń wí yìí, pálọ̀ Baálẹ̀ wa ni, lẹ́yìn ọjà Porta Palazzo ní Torino, nílẹ̀ Ítálì níbí. Olóyè Adésànmí la fi joyè ní ọdún 1995, nígbà tó sú wa láti máa gbé ìjà wa lọ bá pásítọ̀, tí pásítọ̀ á ní kí tọ̀túntòsì lọ gbààwẹ̀. Ìjà kì í tán, ebi nìkan ló ń pọ̀ sí i. Láti ọjọ́ Ajé dé Ẹtì, Baálẹ̀ ń kó ẹrù ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí. Lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, ó ń dájọ́. Baálẹ̀ ni oyè rẹ̀, ṣùgbọ́n tí o bá pè é ní Kábíyèsí, kò ní bá ọ jà. Màmá Ìbíwùmí ni Ìyálóde, òun ló ń tọ́jú ìyá arúgbó kan lójú ọ̀nà odò. Àwọn méjèèjì yìí ni gbogbo ìgbìmọ̀ tó jókòó lánàá. Ọ̀tún ń gbé Novara, ọkọ̀ treno sì ti já a kulẹ̀.

Àǹtí Àrínọlá, Ìyá Dùnsìn, ló gbé ẹjọ́ wá. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ìsàlẹ̀ ọjà, òun náà ló ń dáná ìjọ. Ó gbé ìdérí náà sórí tábìlì Kábíyèsí, gbàgà, tìbínú-tìbínú ni.

Baálẹ̀ ní, “Ìyá Dùnsìn, rora. Kí ló dé?”

“Kábíyèsí, kò sí ohun tí mo fẹ́ rora sí. Gbénró wá jí ìdìmú ìdérí ìkòkò mi.”

“Ìdìmú kí ni?”

“Ti ìdérí yìí. Ẹ wò ó níbẹ̀, ó ti tú u dé ìdajì. Ìrẹsì ogójì ènìyàn wà lórí iná láàárọ̀ yìí. Mo kàn yíjú láti wá iyọ̀ ni. Kí n tó padà, ọkùnrin yìí ti dojú ìdérí mi dé lórí tábìlì, ó ń fi owó irin tú síkúrù ẹ̀.”

Ìyálóde ní, “Nínú ilé ìdáná ìjọ?”

“Nínú ilé ìdáná ìjọ, Màmá. Pásítọ̀ ń gbàdúrà lọ́wọ́. Gbogbo ayé dijú, òun nìkan ló lajú.”

“Ìwọ náà lajú nìyẹn, tó o fi rí i,” ni Ìyálóde wí.

“Iyọ̀ ni mò ń wá, Màmá.”

Baálẹ̀ yíjú sí olùjẹ́jọ́. Gbénró kò tíì pé ọdún márùndínlógójì, ó ga, ó rù, ó sì wọ ẹ̀wù tó fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí omi ọbẹ̀ ti ta sí láyà. Ó na ara rẹ̀ gbalaja, ó dọ̀bálẹ̀, ó tún dìde.

“Gbénró, o gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdìmú ìdérí.”

“Kí wá ni?”

“Èèkù ìbọn ni.”

Ọdún mẹ́ta nìyí tí mo ti ń kọ̀wé ẹjọ́ láàfin yìí, n kò rí ọjọ́ tí Kábíyèsí yára dìde tó bẹ́ẹ̀. Ìyálóde ti dé ojú fèrèsé kí n tó mọ̀, ó fa aṣọ fèrèsé pa. Ọ̀sán gangan ni, a wá jókòó sínú òkùnkùn.

“Akọ̀wé,” ni Baálẹ̀ wí, “ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn yẹn, pa á rẹ́.”

“Kí n wá kọ kí ni, Kábíyèsí?”

“Kọ ‘igi’. Gbénró, oṣù méjì ló kù kí permesso ìgbélùú mi parí. Ṣé ìwọ lo fẹ́ bá mi parí ẹ̀ ni? O gbé ìbọn wọ pálọ̀ mi?”

“Kò síbọn níbẹ̀, sà. Igi ara ẹ̀ ni. Ẹni tó gbé ẹ̀rúkọ́ lásán dání, ṣé ẹ lè ní kó lọ roko?”

Baálẹ̀ rò ó. Ó fi ìka kan kan igi orí ìdérí náà, ó yára fa ìka padà. Nígbà tí kò dún, ó jókòó.

“Kí ni o fẹ́ fi ẹ̀rúkọ́ ìbọn ṣe?”

“Ìyàwó mi ni mo fẹ́ fi mú wá, sà.”

Ìyálóde ní, “Ìyàwó tó o fẹ́, o fẹ́ fi ìbọn mú un wá?”

“Rárá o, Màmá. Ṣé ẹ mọ Adùnọlá?”

“A mọ fọ́tò ẹ̀,” ni Baálẹ̀ wí. “Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tó o ti fi hàn mí.”

“Òun náà ni, sà. Ọdún kẹrin rèé tó ti wà ní Ìkirè. Oṣù mẹ́ta péré la jọ gbé lẹ́yìn ìgbéyàwó. Permesso mi pé, busta paga owó oṣù mi pé, ilé ló kù. Àwọn ọlọ́pàá questura ní àfi kí n mú ìwé contratto ilé wá, ilé tó gba tọkọtaya. Ẹ sì mọ ibi tí mò ń gbé. A pọ̀ níbẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ fìríìjì ni mò ń sùn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbélé fún èèyàn dúdú, ẹ̀yin náà mọ̀. Bàbá kan ló ní yàrá méjì tó ṣófo, Signor Bertolino. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀. Ó wá di ọjọ́ kan, mo bá a gbé àpótí wọlé, mo rí ìbọn ìléwọ́ bàbá bàbá ẹ̀ lára ògiri nínú gíláàsì. Wọ́n ti dí ẹnu ẹ̀ pa, ìwé ẹ̀ sì pé, ẹ má fòyà. Ìbọn ayé àtijọ́ ni, èyí tí ilé ọta ẹ̀ máa ń yí po. Irin nìkan ló kù. Igi méjèèjì tí wọ́n fi ń dì í mú, tọ̀tún àti tòsì, ti sọ nù láti ìgbà ogun.”

“Ó wá rán ọ?”

“Ó ti fi ogún ọdún wá a, sà. Ó ní ibi tó bá ti rí ojúlówó, owó ẹ̀ kò ṣeé gbọ́ létí. Ibi tó bá ti rí pọ́ọ́kú, oníke ni. Ó wá sọ fún mi pé, Gbénró, tó o bá lè bá mi rí i, ojúlówó, màá fọwọ́ sí ìwé ilé fún ọ. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ yìí ló dá. Tí Ọjọ́rú bá kọjá, ọmọ àbúrò ẹ̀ ló máa kó wọ ibẹ̀.”

Ìyálóde dìde, ó lọ ṣí aṣọ fèrèsé padà, ìmọ́lẹ̀ wọlé.

Baálẹ̀ ní, “Ìwọ tí Bertolino fẹ́ gbé iṣẹ́ ogún ọdún fún, báwo lo ṣe mọ ojúlówó?”

“Iṣẹ́ tí mo ṣe ní Brescia nìyẹn, sà, kí n tó wá síbí. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni, èèkù ìbọn nìkan ni wọ́n ń gbẹ́ níbẹ̀. Èmi ni mò ń fi òróró pa á. Ọdún méjì. Lójú oorun, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n.” Ó na ọwọ́ sí ìdérí náà, Àǹtí Àrínọlá sì gbá ọwọ́ náà padà. Ó wá ń tọ́ka láti òkèèrè. “Ẹ wo ìlà wẹ́wẹ́ tó dábùú ara wọn yìí. Ọwọ́ ni wọ́n fi fà á. Ẹ wò ó dáadáa, ìlà kan yà nídìí níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀rọ kì í yà bẹ́ẹ̀, èèyàn ló ń rẹ̀. Igi noce ni, igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ láyé àtijọ́. Tẹ́ ẹ bá fi àtàǹpàkò ra á títí tó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, òórùn òróró àtijọ́ á jáde.”

“Òórùn ìrẹsì ló ń jáde báyìí,” ni Àǹtí Àrínọlá wí.

“Ihò síkúrù kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá yí i padà, ẹ máa rí nọ́ńbà nínú ẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ló gbọ́dọ̀ wà lára èkejì ẹ̀. Tí nọ́ńbà ò bá bára mu, a jẹ́ pé wọ́n ti inú ìbọn méjì wá, Bertolino ò sì ní gbà á.”

“Èkejì ẹ̀ dà?”

Gbénró ki ọwọ́ bọ àpò àyà, ó yọ aṣọ ìnujú kan, ó tú u. Igi kan náà ló wà níbẹ̀, dúdú díẹ̀ ju ti orí ìdérí lọ, torí pé òun kò tíì jẹ ata.

Àǹtí Àrínọlá dìde dúró. “Kábíyèsí, ẹ rí i? Èyí tó wà lápò ẹ̀ yìí, n kò rí i rí. Ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí méjèèjì.”

“Gbénró, dáhùn.”

“Lọ́jà Balôn ni, sà. Èènì ni wọ́n fi ṣe fún mi.”

“Èènì orí kí ni?”

Ẹnu rẹ̀ wá ń wúwo. “Orí ìkòkò.”

“Ìkòkò ta ni?”

“Ti Àǹtí.”

Àǹtí Àrínọlá wá jókòó wọ̀ọ̀, ó ká ọwọ́ gbera. Ó ní, “Kábíyèsí, Sátidé mẹ́ta sẹ́yìn ni mo rán an lọ sọ́jà àlòkù pé kó bá mi wá ìkòkò ńlá. Owó mi ni mo fún un. Ó ra ìkòkò wá, ìkòkò dára, ìdérí ẹ̀ nìkan ni kò ní ìdìmú. Mo tú bébà tí wọ́n fi wé e, mo bá igi kan nísàlẹ̀ ẹ̀. Mo bi í pé kí lèyí? Ó wo ojú mi báyìí, ó ní, ‘Igi lásán ni, Àǹtí, ẹ jù ú nù.’”

“Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀?”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀, sà. Àpò mi ni mo rò pé mo ti kó méjèèjì sí. Àṣé ọ̀kan ti yọ́ bọ́ sílẹ̀ nínú ìkòkò. Mo rò pé tí wọ́n bá jù ú nù, màá lọ mú un. Mo dúró ti cassonetto ìsàlẹ̀ ilé wọn títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.”

“Ìdí pàǹtírí?” ni Ìyálóde béèrè.

“Àwọn aládùúgbò ti ń fún mi ní búrẹ́dì, Màmá.”

“Èmi kì í ju nǹkan nù,” ni Àǹtí Àrínọlá wí. “Mo wo igi yìí, ó níhò. Mo wo ìdérí, òun náà níhò. Mo fi síkúrù kan án, ó wọ̀ ọ́ bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Kì í gbóná mọ́ni lọ́wọ́, kì í yọ̀. Ló bá di pé gbogbo ìgbà ni Gbénró ń wá kí mi, tí ojú ẹ̀ á máa wà lórí ìdérí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ra ìdìmú oníke kan wá láti ṣọ́ọ̀bù ferramenta, ó ní òun fẹ́ bá mi pààrọ̀ ẹ̀, pé tuntun ló yẹ mí. Mo ní kó fi tuntun náà dán an wò lórí ìkòkò kékeré. Ó yọ́ sínú ẹ̀wà.”

Baálẹ̀ nu ojú. “Ọ̀rọ̀ èènì la ó kọ́kọ́ yanjú. Ìyálóde, lọ́dọ̀ tiyín, tí wọ́n bá rán ọmọ lọ ra iyọ̀, tí oníyọ̀ ṣe èènì, ta ló ni èènì?”

“Ọmọ náà ni. Ẹnu tó tọrọ ló ń jẹ. Èmi kì í jẹ́ kí èènì mi délé.”

“Tèmi kọ́ o. Èènì gààrí tí mo bá jẹ lọ́nà, ìyá mi á fi pàṣán wọ̀n ọ́n padà lára mi.”

“Ìyá yín le, Kábíyèsí.”

“Ìyá mi mọ òfin ni.”

Ọ̀rọ̀ ìyá Kábíyèsí gbà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. N kò kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ẹni tó fẹ́ jẹ́ akọ̀wé pẹ́, ó ní ohun tí kì í kọ. Nígbà tí wọ́n parí ẹ̀, wọ́n pe ẹlẹ́rìí.

Testimony ló kọ́kọ́ dìde. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, ó ń dirun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Àrínọlá, Àǹtí Àrínọlá ló sì pè é.

“Testimony, kí lo rí?”

“Sà, mo rí Brother Gbénró tó ń tú síkúrù. Owó ọgọ́rùn-ún lire ló fi ń tú u.”

“Ṣé ó tú ìdérí sílẹ̀ tí ìrẹsì fi jóná?” ni Àǹtí Àrínọlá béèrè.

“Ah. Àǹtí, ìrẹsì ti jóná kó tó wọlé.”

“Testimony.”

“Sà, I no fit lie for Sunday. Òórùn ẹ̀ ló gbé Brother Gbénró wá sí kíṣìnnì. Ó ní kí ló ń jóná?”

“Testimony, oúnjẹ ta lo jẹ láàárọ̀ yìí?”

“Tiyín ni, Àǹtí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ pé ó jóná.”

Wọ́n ní kó jókòó. Ẹlẹ́rìí kejì ni Àkàndé, ọ̀rẹ́ Gbénró, tí wọ́n jọ ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ fìríìjì. Òun ni Gbénró pè láti gbè é lẹ́yìn. Mo gba Gbénró nímọ̀ràn látìgbà tí wọ́n wọlé pé kó má pè é, kò gbọ́.

“Àkàndé, ṣé o wà lọ́jà lọ́jọ́ náà?”

“Mo wà níbẹ̀ dáadáa, sà. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo dúró sí. Gbogbo ẹ̀ ṣojú mi.”

“Báwo ni ẹni tó ta ìkòkò ṣe rí?”

“Bàbá arúgbó onírùngbọ̀n kan ni.”

Gbénró fi ọwọ́ bo ojú. “Obìnrin ni, Kábíyèsí.”

“Àbí obìnrin ni,” ni Àkàndé wí. “Bàtà ni mò ń wò lọ́wọ́ kan. Ṣùgbọ́n etí mi wà lọ́dọ̀ wọn. Obìnrin náà dárúkọ owó ìkòkò, Gbénró sì san án lẹ́sẹ̀ kan náà. Ọmọlúàbí ni ọ̀rẹ́ mi, kò bá a jiyàn rárá.”

Ìyálóde yọ awò ojú rẹ̀.

“Kò yọwó?” ni ó béèrè.

“Kò yọwó rárá, Màmá. Ohun tí wọ́n pè é náà ló san.”

Baálẹ̀ ní, “Ìwọ, Gbénró, ọmọ Yorùbá, o dúró níwájú ọjà, lọ́jà àlòkù, wọ́n dárúkọ owó, o san án?”

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé nígbà tó dárúkọ ìbọn, ẹ̀rù ló bà wá. Èyí yàtọ̀, ojú ló tì wá. Àǹtí Àrínọlá gbé ọwọ́ lé àyà. Ó ní òun mọ̀, pé òun ti ń sọ ọ́ látìgbà náà pé owó ìkòkò yẹn ti pọ̀ jù.

“Sọ òótọ́,” ni Baálẹ̀ wí. “Ẹni tí kò yọwó, ó ní ohun tó ń wá.”

Gbénró kúnlẹ̀. “Kábíyèsí, igi méjèèjì ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n wà nínú agolo kan pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àtijọ́, bọ́tìnnì àti ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń tà á kò mọ ohun tó jẹ́. Tí mo bá béèrè iye ẹ̀, á wo ojú mi, á mọ̀ pé nǹkan ni, á pe èèyàn, wọ́n á sọ ọ́ di owó tí Bertolino gan-an kò lè san. Mo wá yíjú sí ìkòkò. Ó dárúkọ owó, mo san án láì ṣàwáwí, inú ẹ̀ dùn. Mo wá ní, Signora, ẹ fi nǹkan lé e fún mi. Kò yé e. Mo fi ọwọ́ júwe, mo ní nílé wa, tí wọ́n bá rajà, ẹni tó tà á máa ń fi díẹ̀ lé e. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n mú ohun tó bá wù mí nínú agolo. Mo mú igi méjì.”

“A jẹ́ pé owó tó yẹ kó o bá Ìyá Dùnsìn yọ kúrò,” ni Baálẹ̀ wí, “òun lo fi ra èènì fún ara ẹ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ìyálóde ní, “Ọgbọ́n yìí pọ̀ o.” Baálẹ̀ wò ó, Ìyálóde sì fi awò ojú rẹ̀ sójú padà.

Baálẹ̀ ní kí n mú ọ̀bẹ wá. Àǹtí Àrínọlá kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan ìdérí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tú síkúrù náà tán. Wọ́n fi aṣọ nu òróró ọbẹ̀ kúrò nínú igi náà. Èmi ni wọ́n ní kí n ka nọ́ńbà. Mo ka ti orí ìdérí: eéjì, òdo, eéje, ẹẹ́rin. Mo yí ti inú àpò Gbénró padà. Eéjì, òdo, eéje, ẹẹ́rin. Gbénró gbé méjèèjì kojú ara wọn lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó dì wọ́n mú, ó sì di ojú.

“Ìdájọ́ rèé,” ni Baálẹ̀ wí. “Ẹnu Gbénró ló tọrọ èènì, owó Ìyá Dùnsìn ló sì san án. Kí Gbénró mú ìdajì, kí Ìyá Dùnsìn mú ìdajì. Ọ̀kan ti ẹnu, ọ̀kan ti owó. Ẹ máa lọ.”

Gbénró la ojú. Ó na ọwọ́, ó gbé igi kan padà sórí ìdérí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ká aṣọ ìnujú bo èkejì. Ó ní, “Ẹ ṣeun, sà.” Ohùn rẹ̀ kò dé ibi tí mo jókòó sí, ẹnu rẹ̀ ni mo wò. Ká sọ tòótọ́, ó dùn mí, mo sì gbé bírò sílẹ̀.

Àǹtí Àrínọlá ló kọ́kọ́ bínú. “Kábíyèsí, kí lèmi fẹ́ fi ìdajì ìbọn ṣe?”

“Ìwọ lo ní ó jà ọ́ lólè.”

“Ó jà mí lólè. Kí n sọ ohun tó ń dùn mí gan-an? Gbénró, yíjú síbí. Nígbà tó o dé ìlú yìí láti Brescia, ilé ta lo ti kọ́kọ́ jẹun?”

“Ilé yín ni, Àǹtí.”

“Ta ló ń bá ọ tọ́jú lẹ́tà Adùnọlá, tó ń gba orúkọ mi wọlé?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Kí ló wá dé tó ò lè sọ fún mi pé, Àǹtí, igi yìí ni ilé mi, ẹ fún mi? Ṣé èmi á dì í mú ni?”

Gbénró wo ilẹ̀, ó wo Kábíyèsí, ó wá pinnu láti kú. “Ẹ̀rù ló bà mí, Àǹtí. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo ìjọ á mọ̀ kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ẹnìkan á ti lọ bá Bertolino gba ilé náà.”

Testimony ń wo òrùlé. Àkàndé wá ń wo bàtà ara rẹ̀. Ìyálóde ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ikọ́ náà kò sì dára.

“Èmi?” ni Àǹtí Àrínọlá béèrè. “Èmi ni mi ò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́? Màmá Ìbíwùmí, ṣé mo sọ fún ẹnikẹ́ni nígbà tẹ́ ẹ ń...”

“Ìyá Dùnsìn, dákẹ́,” ni Ìyálóde wí wéré. “Kábíyèsí, mo rò pé ìdájọ́ yín kò tíì pé.”

Baálẹ̀ gbà pé kò tíì pé. Ó wọlé lọ sí yàrá, ó ní òun fẹ́ ronú. Nígbà tó jáde, ó ti dé fìlà rẹ̀, a mọ̀ nígbà náà pé ìdájọ́ tó ń bọ̀ kò ní í yí padà.

“Gbénró, kó igi méjèèjì. Kó tó di ọ̀la, gbé e fún Bertolino, má sì kúrò níbẹ̀ láì gba ìwé. Ìyàwó kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pín sí méjì.”

Gbénró dọ̀bálẹ̀. Baálẹ̀ kò ní kó dìde.

“Ṣùgbọ́n ìdérí Ìyá Dùnsìn kò gbọdọ̀ wà láì ní ìdìmú. Mo kọ̀ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láti lọ ra òmíràn ní ferramenta, oníke tàbí irin. Ìwọ tó o yọ ọ́, ìwọ ni ìdìmú. Láti ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, wàá dúró ti ìkòkò Ìyá Dùnsìn. Tó bá ní ṣí, wàá ṣí. Tó bá ní dé, wàá dé. Títí Adùnọlá yóò fi balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú ìlú yìí.”

Àǹtí Àrínọlá ti ń tún ìró rẹ̀ lọ́. “Tí àwọn embassy bá wá fà á di ọdún méjì ńkọ́?”

“Gbénró, o gbọ́ ìbéèrè.”

“Màá máa ṣí i, sà,” ni Gbénró wí láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀. “Bó bá di ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Kábíyèsí, irin ni ìdérí yẹn. Tó bá wà lórí iná, ó máa ń gbóná gan-an.”

“Mo mọ̀,” ni Baálẹ̀ wí. “Ìyẹn gan-an ni ìdájọ́. Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ látàárọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ni.”